Ìtàn William Lee, Agbẹjọ́rò Àlejò Tí Ó Kọ Òfin Ilẹ̀ Fún Ọba Hawaii

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ìdílé ẹnikẹ́ni láàrín yín, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni a ń lọ, sí àwọn erékùṣù Hawaii tí ó wà láàrín Òkun Pàsífíìkì, láti wo iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò kan ṣe fún ọba ibẹ̀. William Little Lee ni orúkọ agbẹjọ́rò náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó sin ọba tí kì í ṣe ọba ìlú bàbá rẹ̀ fún ọdún 10 ó lé díẹ̀, òun ni ó sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òfin tí ó sọ ilẹ̀ Hawaii di ohun tí a ń kọ sínú ìwé, tí a ń tà, tí a sì ń rà. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Bí ó bá jẹ́ olè ni, ìtàn rẹ̀ ìbá rọrùn láti sọ, a kì bá má sì pè yín jọ nítorí rẹ̀.

Kí a tó dé orí rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọba Kamehameha Kìíní ni ó fi ogun àti àdéhùn so gbogbo àwọn erékùṣù náà pọ̀ sábẹ́ adé kan, iṣẹ́ náà sì parí ní 1810. Lábẹ́ ọba ni àwọn ìjòyè wà. Lábẹ́ àwọn ìjòyè ni àwọn alábòójútó ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní konohiki wà. Lábẹ́ wọn ni àwọn mẹ̀kúnnù tí ń ro oko. Wọn a máa pín ilẹ̀ láti orí òkè títí wọ inú òkun, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń gbé ní àdúgbò kan ní igi gẹdú lókè, ó ní oko ní àárín, ó sì ní ẹja létí omi. Ahupuaa ni orúkọ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wọn pàtàkì ni kalo, èyí tí ẹ̀yin àgbẹ̀ yóò mọ̀ bí ẹ bá rí i, nítorí kókò ni. Inú omi ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Wọn a sè é, wọn a gún un, wọn a fi omi pò ó, wọn a sì máa fi ìka jẹ ẹ́. Mẹ̀kúnnù ń sin ìjòyè, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ nínú irè oko àti nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ìjòyè burúkú lè ni ín lára, bí ó bá sì le jù, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sábẹ́ ìjòyè mìíràn. A kò sọ pé ayé náà dùn bí oyin. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó ń ta ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè ji ní òwúrọ̀ kí ó bá àjèjì tí ó mú ìwé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dé: àwọn oníṣòwò, àwọn tí ń pa ẹja àbùùbùtán, àti láti 1820, àwọn ajíhìnrere láti Amẹ́ríkà. Wọ́n mú ìwé kíkà dé, àwọn ọmọ Hawaii sì gbá a mú tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn fi mọ ìwé kà láàrín ọdún díẹ̀. Wọ́n mú àrùn dé pẹ̀lú. Ìkànìyàn tí ó lé ní 130,000 ní 1832 ti lọ sílẹ̀ sí 73,000 ó lé díẹ̀ ní 1853. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo òfin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí àwọn tí ó ni ìlú ń kú.

Kamehameha Kẹta, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Kauikeaouli, ni ó wà lórí oyè láti 1825 títí di 1854. Ọmọdé ni nígbà tí ó gorí ìtẹ́, wàhálà ni ó sì bá níbẹ̀. Bí òyìnbó kan bá jẹ gbèsè tàbí tí ó bá jà du ilẹ̀ ilé kan ní Honolulu, yóò ránṣẹ́ sí ọkọ̀ ogun ìlú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1843, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord George Paulet, fi ìbọn ńlá halẹ̀ mọ́ ọba, ó sì gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni àsíá ọba fi wà nílẹ̀, kí Ọ̀gágun Richard Thomas, tí ó jẹ́ ọ̀gá Paulet, tó wá dá ìlú padà ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí ìwé pé ìlú olómìnira ni Hawaii. Ìwé ni ó gba ọba sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ọba rí èyí, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ó rí i pé àwọn tí ń yọ ọ́ lẹ́nu ní òfin lẹ́nu bí ẹni ní ọbẹ̀ lẹ́nu, òun kò sì ní ẹnìkan ṣoṣo tí ó lè dá wọn lóhùn ní èdè òfin tiwọn.

Nítorí náà, nígbà tí John Ricord, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tí ó ti kiri Texas àti Oregon, dé ní oṣù Kejì 1844, kò ju oṣù kan lọ tí ọba fi sọ ọ́ di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Ricord búra pé òun di ọmọ abẹ́ ọba Hawaii. Òun ni ó kọ òfin tí ó to iṣẹ́ ìjọba sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, àti èyí tí ó dá Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1845. Oníjà ni, ó sì gbọ́n. Ní 1847 ó di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ. A kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará ìlú sùn. Ní 1845, láti Lahaina àti láti ibòmíràn, àwọn mẹ̀kúnnù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba, wọ́n ní kí ó má fi òyìnbó joyè ìjọba mọ́, kí ó má sì ta ilẹ̀ fún àjèjì. Samuel Kamakau, tí ó di òpìtàn ńlá lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí ọba láti sọ ohun tí àwọn àgbààgbà ń sọ lábẹ́lẹ̀: kí ni ìdí tí ọba kò fi lo àwọn ìjòyè tí ó gbọ́n bí ti àtijọ́? Ọba fèsì pé àwọn òyìnbó ni ó mọ òfin òyìnbó, àwọn ni ó sì lè bá ara wọn jà. Ẹ wò ó, ìdáhùn náà kò burú. Bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù, ẹni tí ó gbọ́ èdè kóòtù ni a ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà náà kò béèrè bóyá òyìnbó mọ òfin. Wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò máa rántí wọn nígbà tí a bá ń kọ ọ́.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni Lee bọ́ sí. Sandy Hill ní ìpínlẹ̀ New York ni a bí i sí ní 1821. Ó kàwé ní Norwich, ó kọ́ òfin ní Harvard, ó sì ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Troy nígbà tí ikọ́ ife bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fínra. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Reed Bishop wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Henry ní oṣù Kejì 1846, wọ́n ń lọ sí Oregon láti wá ìlera àti oríire. Ọkọ̀ náà yí gbogbo ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà ká, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá, ó yà sí Honolulu láti tún ara ṣe. Lee kò lọ mọ́. Àwọn ará ààfin gbọ́ pé agbẹjọ́rò kan wà nínú ọkọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ó ti di adájọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Lẹ́yìn Ricord, òun ni ẹnìkejì tí ó kọ́ṣẹ́ òfin tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó. Àwọn tí ó wà nídìí ìdájọ́ ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere àti ìjòyè.

Ohun tí ó dára ni kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí ó tọ́ sí i. Ó jẹ́ adájọ́ tí kì í gba rìbá, bẹ́ẹ̀ ni kì í bẹ̀rù àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1848 ó di Adájọ́ Àgbà ilé ẹjọ́ tuntun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àga sì ni Lorrin Andrews tí ó ti jẹ́ ajíhìnrere, àti John Papa Ii tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ní 1850, ó kọ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Ní 1852, a gbé òfin ìpìlẹ̀ ìlú tuntun jáde. Lee, Ii àti Gerrit Judd ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọwọ́ Lee sì ni ó hàn jù nínú rẹ̀. Òfin náà fún gbogbo ọkùnrin tí ó ti bàlágà ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, yálà ó ní ohun ìní tàbí kò ní. Ó sì sọ pé ẹrú kò gbọdọ̀ sí ní Hawaii, ẹrú tí ó bá sì tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ti di òmìnira. Ẹ rántí pé ní Amẹ́ríkà tí a ti bí Lee, 1852 ni wọ́n ṣì ń ta ènìyàn lọ́jà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn Yorùbá nínú. Èdè méjì ni wọ́n ń kọ òfin Hawaii sí, èdè Hawaii àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí méjèèjì bá takora, èwo ni kí a tẹ̀lé? Ilé ẹjọ́ Lee dá a láti 1848, ó sì tún un sọ ní 1856 nínú ẹjọ́ Hardy àti Ruggles, pé ti èdè Hawaii ni kí ó lékè, nítorí òun ni èdè àwọn tí ó ṣe òfin náà. Adájọ́ àlejò ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Lee kú ní 1857. Nígbà tí ó di 1859, ìwé òfin tuntun ti yí i padà, ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa tẹ̀lé. Àwa gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kò lè ka ibi yìí kí ó má gún wa lọ́kàn. Ohun tí adájọ́ kan fi inú rere fúnni, ẹlòmíràn fi kálámù gbà á padà láàrín ọdún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ilẹ̀ wàyí. Ní 1847 Lee di alága Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀. Ẹ̀rù tí ń ba ọba ni pé bí ìlú alágbára bá tún wá gba Hawaii, yóò gba gbogbo ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọba àti ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹnìkan pẹ̀lú ìwé, àṣà àwọn òyìnbó fúnra wọn ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Èyí ni ọba fi gbà láti pín ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Lee gbé ìlànà kan síwájú Ìgbìmọ̀ Ìdámọ̀ràn Ọba, wọ́n sì gbà á: kí ọba mú ilẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ohun tí ó bá ṣẹ́kù, kí ìjọba mú ìdá kan nínú mẹ́ta, kí àwọn ìjòyè mú ìdá kan, kí àwọn mẹ̀kúnnù tí ń ro ilẹ̀ mú ìdá kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta! Kí ẹ má gbàgbé.

Láti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1848, àwọn ìjòyè bí 250 ń wá síwájú ọba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ńlá kan wà níwájú wọn. Ilẹ̀ tí yóò jẹ́ ti ọba wà ní ojú ewé kan, ilẹ̀ tí yóò jẹ́ ti ìjòyè wà ní ojú ewé tí ó kọjú sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ti ẹnìkejì. Mahele ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà, èyí tí í ṣe Ìpín. Ní ọjọ́ kejì tí ó parí, ọba tún pín tirẹ̀ sí méjì, ó fi apá tí ó pọ̀ jù fún ìjọba. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, adé ní bí mílíọ̀nù 1 éékà, ìjọba ní bí mílíọ̀nù 1.5, àwọn ìjòyè ní bí mílíọ̀nù 1.6.

Àwọn mẹ̀kúnnù ńkọ́? Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. A kò pè wọ́n wá síwájú ọba. A ní kí olúkúlùkù kọ ìwé sí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ láti sọ pé òun ni ó ni oko òun, kí ìwé náà sì wọlé kí ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1848 tó kọjá. Kí ó mú ẹlẹ́rìí wá. Kí ó sanwó fún ẹni tí yóò wọn ilẹ̀. Kí ó fi hàn pé òun ń ro ó lóòótọ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ ro èyí. Àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ kú sórí oko kan, a ní kí ó lọ kọ̀wé béèrè fún un. Oko tí ó fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi kò wọ̀ ọ́. Orí òkè tí ó ti ń gégi kò wọ̀ ọ́. Bí konohiki rẹ̀ bá sì ń wò ó pẹ̀lú ìkanra nígbà tí ó ń kọ ìwé náà, ta ni yóò gbà á?

Lee mọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1848 ó kọ̀wé sí àwọn ajíhìnrere ní ìgbèríko pé kí wọ́n jí àwọn ènìyàn, kí wọ́n sọ fún wọn pé bí wọn kò bá tètè fi ẹ̀tọ́ wọn sínú ìwé, yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. A gbà pé tọkàntọkàn ni ó fi kọ ọ́. Ó gbàgbọ́ pé ilẹ̀ tí ó bá jẹ́ ti mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ ìjòyè, yóò mú un ṣiṣẹ́, yóò sì sọ ọ́ di ènìyàn. Òfin tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1850, wọ́n ń pè é ní Òfin Kuleana. Kuleana ni oko àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ìgbìmọ̀ fi ìwé fún un. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin náà, ọba ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́n jù lọ níbẹ̀, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ó ní ilẹ̀ kékeré kò lè wúlò fún mẹ̀kúnnù bí a bá gé e kúrò lára ohun tí ó yí i ká. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe ìpín keje òfin náà, tí ó sọ pé àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ lè ṣẹ́gi ìdáná, kí wọ́n gé igi ilé, okùn àti koríko ìbolé fún ìlò ara wọn, kí wọ́n pọn omi, kí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ palẹ̀ mọ́ ní 1855, ìwé kuleana tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn mẹ̀kúnnù lé díẹ̀ ní 8,000. Àpapọ̀ ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 28,600 éékà lọ. Nínú ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, èyí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni a ṣèlérí lórí tábìlì.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ àti àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí àwọn yòókù kọ̀wé. Ìdáhùn wa ni èyí: nínú àwọn ìjòyè pẹ̀lú, àwọn kan wà tí wọn kò mú ìwé wọn wá lákòókò. Fún àwọn wọ̀nyí, ìjọba ṣe òfin ìdáríjì ní 1854, ó tún ṣe òmíràn ní 1860, kí wọ́n má bàa pàdánù. Fún mẹ̀kúnnù tí ó pẹ́, ilẹ̀kùn ti tì. Òtítọ́ ni pé ìjọba ta ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú láti ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ sì rà nínú rẹ̀. Kí a má ṣe fi irọ́ ran òtítọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ni ó ń rà á, a sì ti sọ irú ọdún tí ó jẹ́ fún àwọn ènìyàn náà. Ní 1853 ìgbóná wọ̀lú, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ Lee ti rú wa lójú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1850, kí Òfin Kuleana tó jáde rárá, òfin kan ti jáde tí ó gba àjèjì láàyè láti ra ilẹ̀ kí ó sì jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Lee wà lára àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù tí ó ṣáájú, òfin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti jáde, Lee ni ó sì kọ ọ́. Òfin yìí sọ pé ẹni tí ó bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí ó sì sá, adájọ́ lè mú un padà kí ó fi ìlọ́po méjì ọjọ́ tí ó fi sá ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, kí ó lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára títí yóò fi gbà. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko ńlá sílẹ̀, Royal Hawaiian Agricultural Society. Lee ni ààrẹ rẹ̀. Láti 1849, òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bishop, àti oníṣòwò Henry Peirce ti dá oko ìrèké Lihue sílẹ̀ ní erékùṣù Kauai. Ní oṣù Kìíní 1852, ọkọ̀ Thetis kó àwọn ará Ṣáínà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 dé fún iṣẹ́ oko lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún, dọ́là mẹ́ta lóṣù.

A kò rí i kà níbikíbi pé Lee fi ipò rẹ̀ jalè ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. A tún un sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wò ó: ẹnìkan náà ni ó kọ òfin ilẹ̀, òun ni ó jókòó ní orí àga ìgbìmọ̀ tí ń pín in, òun ni Adájọ́ Àgbà tí ẹjọ́ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni ó kọ òfin òṣìṣẹ́, òun ni ààrẹ àwọn tí ń wá òṣìṣẹ́, òun náà sì ní ìpín nínú oko ìrèké. Àwọn baba wa ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lee ríran dáradára ní kóòtù. Oko ni kò ríran dé. Oko tí ó mọ̀ ni oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọkùnrin kan ń fi ọgbà yí ká, tí ó ń tà nígbà tí ó bá wù ú. Ó rò pé bí òun bá fi ìwé lé ọmọ Hawaii lọ́wọ́, yóò di irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í tí ó lè sọ fún un pé kókò inú omi kò ṣe é dá gbìn, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa ọwọ́ pọ̀ la ojú omi sí oko, pé bí omi náà bá di ti ẹnìkan lókè, ìwé àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ di ìwé lásán. Tàbí kí a sọ pé wọ́n wà. Àwọn ni ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ 1845.

Ní 1855, ọba tuntun, Kamehameha Kẹrin, rán Lee ní ikọ̀ lọ sí Washington. Iṣẹ́ náà ni kí ṣúgà Hawaii lè máa wọ Amẹ́ríkà láìsan owó bodè. Ó ṣe é dáadáa: ìjọba Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ àdéhùn náà ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn kò fi àṣẹ sí i. Ogún ọdún ni ó tún fi kọjá kí irú rẹ̀ tó dúró. Ikọ́ ife tí ó lé Lee kúrò nílé kò fi í sílẹ̀. Ó kú ní Honolulu ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1857, ọmọ ọdún 36.

Ní 1858 ni ẹjọ́ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Oni dé ilé ẹjọ́ gíga. Honouliuli ní erékùṣù Oahu ni ó ń gbé. Òyìnbó kan, John Meek, ti gba ilẹ̀ yíká rẹ̀ lò lọ́wọ́ onílẹ̀ láti fi sin ẹran. Nígbà tí àwọn ẹṣin Oni jẹko níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, Meek mú wọn, wọ́n sì tà wọ́n. Oni ní láti ìgbà àtijọ́ ni ẹni tí ń gbé lórí ilẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹran rẹ̀ jẹko lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ṣí Òfin Kuleana, ó ka ìpín keje. Igi ìdáná wà níbẹ̀, igi ilé wà níbẹ̀, omi wà, ọ̀nà wà. Ìjẹko ẹran kò sí níbẹ̀. Oni jẹ̀bi. Ohun tí ìṣe gbogbo ìran fi fún un, àkọsílẹ̀ tí kò dárúkọ rẹ̀ gbà á.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yára. Ní 1874 òfin kan gba ayánilówó láàyè láti ta ilẹ̀ tí a fi dúró láìlọ sí kóòtù, ọ̀pọ̀ kuleana sì bá ọ̀nà náà lọ. Ní 1887 àwọn olóko àti agbẹjọ́rò fi ìbọn mú ọba Kalakaua tọwọ́ bọ òfin ìpìlẹ̀ mìíràn tí ó gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀. Gbogbo ohun tí Lee kọ sí òfin 1852 nípa ìbò mẹ̀kúnnù lọ báyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1893 wọ́n lé Ọbabìnrin Liliuokalani kúrò lórí ìtẹ́. Sanford Dole tí wọ́n fi ṣe olórí ìjọba wọn jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ tí Lee dá. Amẹ́ríkà gba ìlú náà mọ́ ara rẹ̀ ní 1898, ilẹ̀ adé àti ilẹ̀ ìjọba tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.8 éékà sì bá a lọ. Ẹ̀rù tí ọba ní ní 1847 ṣẹ gẹ́lẹ́ bí ó ti rò ó: ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba lọ, ìwé àwọn olówó dúró.

Charles Bishop, ọ̀rẹ́ Lee tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan, gbé ọmọ ọba kan níyàwó, Bernice Pauahi. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1884, ó fi ilẹ̀ bí 375,000 éékà sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí a fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ Kamehameha ṣì wà títí di òní, ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀. Bí a bá sì ń wá ilẹ̀ tí Mahele pín tí ó ṣì ń bọ́ ọmọ Hawaii, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni a ó ti rí èyí tí ó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kuleana kò sì tíì tán. Ní ìparí 2016, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ra ilẹ̀ ńlá ní Kauai pe ẹjọ́ láti ra àwọn kuleana kéékèèké tí ó há sáàárín ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí a kọ ìwé náà fún. Ariwo ta, ní oṣù Kìíní 2017 ó ní òun kò ṣe mọ́. Ìpín keje tí ọba béèrè fún ṣì wà nínú ìwé òfin Hawaii. Ní 1995, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ dá a pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láti kó igi, ewé àti ohun ìlò wọn lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé kún kò kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.